Àmì Ohùn Nínú Ètò Kọ̀ǹpútà Tí Ń Kọ́ni ní Yorùbá

Láti 2015 tí ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá, kò sí olùkọ́ Yorùbá tí ó lè kọ etí dídi sí ètò ìkọ́ni inú ẹ̀rọ. Àwòrán mèremère ni ọ̀pọ̀ fi ń díwọ̀n wọn. Òṣùwọ̀n yẹn kò tó. Àmì ohùn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ọkọ ìyàwó kì í ṣe ọkọ́ àgbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe ọ̀kọ̀ jagunjagun. Ètò tí ó bá gba “ọkọ” fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ba ẹ̀kọ́ tí ó ní òun ń kọ́ni jẹ́.

Àléébù kejì fara sin ju èyí lọ. Nínú ìlànà Unicode, ọ́ kì í ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè tẹ ọ, kí ó fi àmì òkè lé e. Òmíràn lè tẹ ó, kí ó fi àmì sí i nídìí. Ojú ènìyàn rí ọ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà rí méjì, àfi bí ẹni tí ó ṣe ètò náà bá ti kọ́ ọ láti sọ wọ́n di ọ̀kan kí ó tó máàkì. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó gba ìdáhùn ṣe ń gba òdo, tí yóò sì máa rò pé òun kò gbọ́ Yorùbá.

Nítorí náà, kí olùkọ́ tẹ “ọkọ́” ní ọ̀nà méjèèjì, kí ó sì fi “ọkọ” lásán ṣe ẹ̀kẹta. Ètò tí ó bá gba méjì àkọ́kọ́, tí ó sì kọ ẹ̀kẹta, ni ó yẹ ní fífà lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.