Gbòǹgbò Tó Ń Jẹ́rìí

Bí ògiri bá lanu ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, igi ẹ̀yìnkùlé la máa ń kọ́kọ́ nàka sí. Mo gbóríyìn fún àwọn tí kì í dájọ́ kíá: wọ́n á gbẹ́ ẹsẹ̀ ilé, wọ́n á mú gbòǹgbò tín-ínrín, wọ́n á rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á fi maikirosíkóòpù wo ojú ihò tí omi ń gbà, kí wọ́n tó dárúkọ igi. Àwọn onímọ̀ ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwé atọ́nà iṣẹ́ yìí jáde ní 1987. Amọ̀ ló pọ̀ lọ́hùn-ún. Igi á fa omi rẹ̀, amọ̀ á sún kì, ilé á rì. Iyanrìn tiwa kì í sún kì bẹ́ẹ̀. Àbàtà tí a kó iyẹ̀pẹ̀ dí lè jẹ̀bi ju igi lọ. Òótọ́ ni, bí a bá gé gbòǹgbò, oje funfun ń tú àṣírí ọ̀dán, ìkorò sì ń tú ti dongoyárò, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà gbẹ́ ìpìlẹ̀ wò kí ẹ tó gbé àáké.