Ta Ni Olórin Yìí Ń Bá Sọ̀rọ̀? Àyẹ̀wò Àwo Orin David Bazan, Curse Your Branches

Ní oṣù September ọdún 2009 ni David Bazan, olórin ará Seattle ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé àwo orin kan jáde tí ó pè ní Curse Your Branches. Orin mẹ́wàá ni ó wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó ń sọ níbẹ̀ ni bí ìgbàgbọ́ tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni ó wá kan àwa òjíṣẹ́ Ọlọ́run nínú irú orin bẹ́ẹ̀? Ilé wa ni ó ti jáde. Bàbá rẹ̀ jẹ́ olùdarí orin nínú ìjọ Assemblies of God, òun náà sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọ yìí kan náà. Láti ọdún 1995 ni ó ti ń kọrin lábẹ́ orúkọ Pedro the Lion, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Kristẹni sì ń tẹ́tí sí i. Ẹni tí ó mọ Bíbélì dunjú ni ó kọ orin wọ̀nyí, kì í ṣe ẹlẹ́gàn tí ó ń yọjú wò wá láti ojú fèrèsé.

Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú ohun èlò orin tí a gbọ́ níbẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi lù wọ́n. Ohùn rẹ̀ wúwo, kì í sáré, ó ń kọrin bí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ lóru nígbà tí àwọn ará ilé ti sùn. Èyí ni agbára àwo orin náà. Ẹni tí ó bá ń wá ohun tí yóò fi pẹ̀gàn ṣọ́ọ̀ṣì kò ní rí púpọ̀ mú níbẹ̀, nítorí pé ẹ̀dùn ọkàn ni ó kún inú rẹ̀.

Orin àkọ́kọ́, Hard to Be, gbé Jẹ́nẹ́sísì orí 3 yẹ̀ wò. Ó ń béèrè bóyá ó ṣeé gbà gbọ́ pé igi kan ṣoṣo ni gbogbo ìwà ibi aráyé ti hù jáde. Orúkọ àwo náà sì gbé ìbéèrè yìí síwájú: bí ẹ̀ka kan bá wọ́, ta ni kí a bá wí, ẹ̀ka ni tàbí ẹni tí ó gbin igi? Ẹ̀yin tí ẹ ti ka Jòhánù 15 àti Róòmù 11 mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Ìbéèrè náà kì í ṣe tuntun. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ fi irú rẹ̀ sí ẹnu alátakò rẹ̀ nínú Róòmù 9:19. Ibi tí mo ti rí àléébù ni pé Bazan ka Jẹ́nẹ́sísì 3 bí ìwé ẹjọ́ lásán. Kò dúró ní ẹsẹ 21, níbi tí Adájọ́ ti rán aṣọ fún àwọn tí ó dá lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ ni kò fún Ádámù kejì, tí Róòmù 5 sọ̀rọ̀ rẹ̀, láyè láti dá Ádámù àkọ́kọ́ lóhùn. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dé ọ̀dọ̀ Kristi kò lè ṣe ju kí ó di ẹrù lórí ẹni tí ó gbà á.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a yára fò kọjá ohun tí orin náà jẹ́rìí sí. A máa ń sọ lórí pẹpẹ pé nítorí kí wọ́n lè jayé ni àwọn tí ó fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀ ṣe lọ. Àwo orin yìí kò bá wa sọ bẹ́ẹ̀. Nínú Please, Baby, Please, ọtí ni ó ń da ilé rú. Nínú When We Fell, ó ń ro bí ìyá rẹ̀ yóò ṣe sunkún tí ó bá gbọ́. Kò sí ijó níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó ń yọ̀ pé òun ti bọ́ nínú ìdè. Ọkùnrin tí ó pàdánù nǹkan ni a ń gbọ́.

Orin tí ó kẹ́yìn, In Stitches, ni ó wúwo jù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń bi í léèrè nípa Ọlọ́run, òun náà sì lọ gbé ìwé Jóòbù. Lójú rẹ̀, ìdáhùn Ọlọ́run ní orí 38 dà bí ti àgbà tí ọ̀rọ̀ ká mọ́ lẹ́nu, tí ó wá ń fi ọjọ́ orí pa ọmọdé lẹ́nu mọ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí Jóòbù ń béèrè láti orí 23 ni pé kí òun rí Ọlọ́run lójúkojú, a sì fún un. Ní orí 42:7, Ọlọ́run sọ pé Jóòbù sọ òtítọ́ nípa òun. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n rò pé àwọn ń gbèjà Ọlọ́run, ni ìbínú rẹ̀ ru sí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara wa léèrè: lọ́wọ́ ta ni àwọn ọmọ wa ti ń kọ́ irú kíkà tí Bazan ka ìwé yìí? Mélòó nínú wa ni ó ti fi orí 38 yìí kan náà ti ilẹ̀kùn mọ́ ìbéèrè ní kíláàsì Bíbélì?

Ẹ tún kíyèsí ẹni tí olórin náà ń bá sọ̀rọ̀. “Ìwọ” ni ó ń pe Ọlọ́run, ojúkojú. Kò tọ́ kí a torí èyí sọ pé onígbàgbọ́ ni ní ìkọ̀kọ̀. Ó ti sọ tẹnu rẹ̀, ọ̀wọ̀ ni kí a gbà á gbọ́. Síbẹ̀, ọ̀nà tí ó gbà kọ orin náà, orin ẹkún inú Sáàmù ni. Sáàmù 88 bẹ̀rẹ̀ nínú ìrora, inú òkùnkùn ni ó sì parí sí. Kò fúyẹ́ ju In Stitches lọ. Ìyàtọ̀ ńlá kan ni pé àárín ìjọ ni wọ́n ti kọ Sáàmù 88, ó sì wà nínú ìwé orin Ísírẹ́lì títí di òní.

Níbo ni a ti ń kọ irú rẹ̀ nínú ìsìn wa? A ní orin ìyìn, a ní orin ìjọsìn, a ní orin ogun. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú lọ́jọ́ Tuesday, orin ìṣẹ́gun ni yóò bá ní ilé Ọlọ́run lọ́jọ́ Sunday. Orin tí a kò bá fún láyè nínú ilé, ìta ni yóò ti dún. Ní ọdún 2009 yẹn, Bazan ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń kọrin ní pálọ̀ àwọn ènìyàn, àwọn tí kò pọ̀ sì ń jókòó yí i ká. Àwa tí a mọ ìpàdé ilé mọ ohun tí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ jọ.

N kò sọ pé kí ẹ gbé àwo orin yìí wọ inú ìsìn. Mo sọ pé kí pásítọ̀ jókòó, kí ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ó tó wàásù lórí àwọn tí ó ń ṣiyèméjì. Lọ́jọ́ kan, onílùú ìjọ yín tàbí ọmọ díákónì yóò wá bá yín pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bí èyí lẹ́nu. Bí ó bá jẹ́ ìtúsílẹ̀ ni ẹ kọ́kọ́ pè fún, ó lè má padà wá mọ́. Júùdù ẹsẹ 22 ní kí a ṣàánú fún irú wọn. Àwọn bàbá wa náà sọ ọ́: bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí ó bá ọwọ́ ọ̀tún yẹn lára yín.