Ìwé Gẹ́gẹ́ Bí Olùkọ́: Àgbéyẹ̀wò Ohun-Èlò Ẹ̀kọ́ fún Ẹni Tí Ń Dá Ètò Kọ̀ǹpútà Kọ́

Ìfáárà

Bí a bá ń ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ òǹkọ̀wé kan, a máa ń béèrè irú òǹkàwé tí ó ní lọ́kàn. Ìbéèrè kan náà ni ó yẹ kí a bi àwọn ìwé àti ẹ̀kọ́ tí ẹni tí kò ní olùkọ́ ń lò láti mọ bí a ti ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé kì í ṣe dídùn àlàyé ni a fi ń mọ èyí tí ó dára jù, bí kò ṣe bí ó ti ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ tó láti rí àṣìṣe ara rẹ̀.

Ìwé àti Òǹkàwé Rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a wo The C Programming Language, tí Brian Kernighan àti Dennis Ritchie kọ ní 1978, tí wọ́n sì tún ṣe ní 1988. Ìwé náà kò gùn, kò sì fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti ń mú akẹ́kọ̀ọ́ kọ ètò kékeré. Ìdánrawò sì wà káàkiri inú rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a dárúkọ ìwé yìí fún ni ó ti sú. Ẹ̀bi ìwé náà kọ́. Àwọn òǹkọ̀wé ti sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú pé àwọn gbà pé òǹkàwé ti mọ díẹ̀ nípa ètò kíkọ. Ẹni tí ó dá a lábàá ni kò ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú.

Ọjọ́ orí ìwé náà ṣe pàtàkì. Ìwé tí èmi fi bẹ̀rẹ̀ èdè Python, ẹ̀dà kejì èdè náà ni ó ń kọ́ni, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dà kẹta, tí ó jáde ní 2008, ni ó wà nínú ẹ̀rọ mi. Ní ẹ̀dà kejì, a lè kọ print láìsí àkámọ́. Ẹ̀dà kẹta kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìlà kìíní tí mo kọ ni ẹ̀rọ ti kọ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi rò pé orí mi ni kò pé.

Ta Ni Yóò Tọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Sọ́nà?

Àwọn kan lè jiyàn pé ẹ̀rọ tó ní olùkọ́, nítorí pé kì í gba ohun tí ó bá lòdì sí gírámà èdè rẹ̀. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ro máàkì mẹ́ta pọ̀, tí ó sì fi méjì pín in dípò mẹ́ta, ẹ̀rọ kò ní bá a wí. Gírámà ni ẹ̀rọ mọ̀, kò mọ ohun tí a ní lọ́kàn.

Níbi yìí ni ẹ̀kọ́ CS50 ti Yunifásítì Harvard, tí ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ta ọ̀pọ̀ ìwé yọ. Ó ní ètò kan, check50, tí ń dán iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò, tí ó sì ń fi ibi tí ó ti kùnà hàn án. Àbùkù rẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ lè máa tún ètò rẹ̀ ṣe ní àṣeṣàá títí ìdánwò yóò fi gbà á, láìlóye ìdí rẹ̀.

Ìkádìí

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ohun-èlò tí ó ń kọ́ni láti wẹ̀yìn ni ó dára. Kí ẹni tí ń wá ìwé ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú, kí ó wo ọdún tí a tẹ̀ ẹ́, kí ó ka orí kan, kí ó pa ìwé dé, kí ó sì gbìyànjú láti kọ ètò kan fúnra rẹ̀. Bí kò bá lè kọ ọ́, tí kò sì mọ ibi tí ó ti ṣìnà, kí ó wá òmíràn. Kí ó má tètè dá ara rẹ̀ lẹ́bi.