Sinimá «Control» àti Ìgbésí Ayé Ian Curtis

Ní ọdún 2007 ni Ọ̀gbẹ́ni Anton Corbijn, ọmọ ilẹ̀ Họ́lándì, gbé sinimá «Control» jáde. Ìtàn Ian Curtis ni, ará Macclesfield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí í ṣe akọrin ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Joy Division, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún, ọdún 1980, ní ẹni ọdún 23. Corbijn mọ̀ wọ́n: òun fúnra rẹ̀ ni ó ya fọ́tò wọn ní ọdún 1979.

Ohun tí a kọ́kọ́ yìn nínú iṣẹ́ yìí ni òtítọ́ rẹ̀. Dúdú àti funfun ni gbogbo àwòrán rẹ̀. A rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbéyàwó ní ọmọ ọdún 19, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí a ti ń bá àwọn abirùn wá iṣẹ́. A rí ẹ̀bi rẹ̀ pẹ̀lú, bí ọkàn rẹ̀ ti fà sí obìnrin mìíràn. A rí wárápá rẹ̀ pẹ̀lú. Ijó rẹ̀ lórí pèpéle dà bí ti ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì. Nígbà tí ara náà sì gbọ̀n ní tòótọ́, àwọn òǹwòran kò tètè mọ̀. Níhìn-ín ni sinimá náà ti bá gbogbo àwa tí ń pàtẹ́wọ́ wí.

Ṣùgbọ́n àléébù kan wà. Láti inú ìwé tí aya rẹ̀, Deborah, kọ ní ọdún 1995 ni a ti mú ìtàn náà. Síbẹ̀ ẹkún àti ìdúró de ọkọ ni ó pọ̀ jù nínú ipa tirẹ̀. Samantha Morton ṣe é dáradára, ṣùgbọ́n a ì bá fẹ́ mọ èrò ọkàn obìnrin náà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn baba wa a máa wí pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ẹ̀yin olùkàwé wa, àìsàn kì í ṣe ẹ̀sín. Corbijn kò ṣe ikú náà lọ́ṣọ̀ọ́: òde ilé ni ó mú wa dúró sí, tí a fi gbọ́ igbe aya náà. Ẹni tí ó bá rò pé ikú ni ó sọ Curtis di ẹni ńlá kò wo sinimá yìí dáradára. Orin rẹ̀ ti dára kí ó tó kú. Ohun tí ikú ṣe ni pé ó gba baba lọ́wọ́ ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọdún kan.