Ẹsẹ̀ La Fi Ń Gun Máṣìn

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni bàbá tó kọ́ mi ní máṣìn gígùn lọ́nà oko máa ń pariwo mọ́ mi: "Dìde!" Máṣìn ni bàbá náà fi ń kó kòkó láti abà wá sí Àládé, ní Ìdànrè, kí wọ́n tó gbé èmi òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn wá sí agbègbè náà. Mo ti gun ọ̀kadà nígboro rí, mo sì rò pé mo mọ̀ ọ́n gùn. Títì ọlọ́dà ni mo mọ̀.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, gbòǹgbò kan dábùú ọ̀nà lẹ́bàá odò. Mo jókòó, mo gbà á lọ. Táyà iwájú gùn ún, tẹ̀yìn tẹ̀ lé e, ìjókòó sì ta mí nù bí ẹṣin tó tàpá. Bí ara mi ṣe ń lọ sẹ́yìn, ọwọ́ mi fa iná láìmọ̀, èmi àti máṣìn bá wọ inú ẹrẹ̀. Bàbá wo orúnkún mi tó bó, wọ́n ní: "Ìwọ lo jókòó. Ilẹ̀ ò ṣe ọ́ ní nǹkan kan."

Ẹni tó bá ti rí ọmọbìnrin tó ru ìkòkò omi bọ̀ láti odò ti rí gbogbo ohun tí mò ń sọ. Ọrùn rẹ̀ kì í mì. Ọrùn ẹsẹ̀, orúnkún àti ìbàdí ló ń gba gegele àti kòtò ọ̀nà, kò sí èyí tó ń dé orí nínú wọn. Bí mo bá jókòó, èmi àti máṣìn di ẹrù kan náà: ibi tó bá fò sí ni mo fò sí, èyí tí ṣọ́ọ̀kù ò bá lè gbé, ẹ̀yìn mi ló ń gbé e. Bí mo bá dìde, a di méjì. Ara mi ò fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀, nísàlẹ̀, ni ìwọ̀n rẹ̀ ń gbà wọ máṣìn. Máṣìn lè máa yí sọ́tùn-ún sósì láàárín orúnkún mi, kí àyà mi ṣì kọjú síbi tí mò ń lọ. Ojú mi náà á ga sí i, màá rí òkúta tó wà lẹ́yìn òkúta.

Kì í ṣe kéèyàn kàn na ẹsẹ̀ gbọọrọ o. Orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, á sì di táńkì mú. Iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ni mo fi ń tẹ irin ìtẹ̀sẹ̀, mo sì ń fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọlé kí kùkùté má baà gbá a. Ọwọ́ ló le jù láti kọ́: kò gbọdọ̀ rọ̀ mọ́ máṣìn. Bí ẹni mú òròmọdìẹ ni kó ṣe mú un. Níbi òkè, àyà á lọ síwájú. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìdí á sún sẹ́yìn. Nínú yanrìn, mo máa ń sún sẹ́yìn díẹ̀, n kì í sì pa iná, torí táyà iwájú tó bá ti rì kì í gbọ́ràn mọ́.

Toni Bou, ọmọ Spéènì tó ti ń gba ife àgbáyé nínú ìdíje trial láti 2007, kò ní ìjókòó gidi kankan lórí máṣìn tó fi ń gun àpáta. Mo fi fídíò rẹ̀ han bàbá lórí fóònù. Wọ́n wò ó títí. "Eléyìí mọ ẹsẹ̀ ẹ̀ lò."

Ṣùgbọ́n ìjókòó ní àyè tirẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Níbi kọ́nà tóóró tí ilẹ̀ rẹ̀ ò dì, màá jókòó sún mọ́ táńkì, màá na ẹsẹ̀ inú síwájú, màá sì fi ẹsẹ̀ òde tẹ irin mọ́lẹ̀ gidigidi. Lẹ́yìn òjò, tí ilẹ̀ pupa bá ń yọ̀ bí ilá, tí òkè sì ga, ìdí tó wà lórí ìjókòó ló ń jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn rí ilẹ̀ bù jẹ. Ìdúró sì ń rẹ itan.

Máṣìn náà lọ́rọ̀ tirẹ̀. Yamaha AG100 tí mò ń gùn, àgbẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún: wọ́n bo ṣéènì rẹ̀ kí ẹrẹ̀ má baà débẹ̀, ó sì ní ibi ìdẹrù níwájú àti lẹ́yìn. Bí mo bá dìde lórí rẹ̀, mo dúró nìyẹn. Ẹni tó jókòó ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe Bajaj Boxer. Ẹni tó bá nàró tán lórí rẹ̀ á máa fa ọwọ́ máṣìn mọ́ra kó má baà lọ sẹ́yìn. Nítorí náà, bí mo bá rí ọlọ́kadà lórí Boxer, tó di àpò kòkó tó lé ní kílò 60 sẹ́yìn, tó kàn gbé ìdí sókè ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta bó ṣe ń dé orí gbòǹgbò, mo mọ̀ pé ọ̀gá ni.

Lọ́dún yìí, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá sí ẹ̀ka wa, èmi ni mò ń kọ́ ọ. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń pariwo "Dìde!" lẹ́yìn rẹ̀, "Ẹ má bínú, ọ̀gá" lòun náà ń dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ Tuesday, a dé ibi gbòǹgbò tó gbé mi ṣubú. Mo ti la ẹnu. Kí táyà iwájú rẹ̀ tó kàn án, mo rí àlàfo láàárín òun àti ìjókòó, máṣìn ń jó lábẹ́ rẹ̀, ejìká rẹ̀ ò mì. Mo pa ẹnu dé, mo tẹ̀ lé e.