Igbe Òǹwòran àti Ìdájọ́ nínú Sinimá Adẹ́rùbani

Ìfáárà

Nígbà tí òǹwòran bá ń kígbe sí aṣọ funfun tí sinimá ń hàn lórí rẹ̀, tí ó ń kìlọ̀ fún ẹni tí ọ̀tá ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí ó sì ń ṣépè fún òṣìkà inú eré, ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ sínú ìwé ìdánwò ni pé òpè ni irú òǹwòran bẹ́ẹ̀, kò mọ eré yàtọ̀ sí òtítọ́. Àlàyé yìí rọrùn, ṣùgbọ́n kò kún ojú òṣùwọ̀n. Òǹwòran tí ó sanwó lẹ́nu ọ̀nà, tí ó mọ orúkọ òṣèré, tí ó sì ń bá ẹnìkejì rẹ̀ jiyàn nípa ẹni tí ó mọ eré ṣe jù, mọ̀ dájú pé eré ni òun ń wò. Ìdájọ́ ni igbe rẹ̀. Eré ti gbé ẹjọ́ kan kalẹ̀ níwájú rẹ̀, òun náà sì ń dá a. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, iṣẹ́ lámèyítọ́ kò parí sí pé sinimá kan dẹ́rù bani tàbí kò dẹ́rù bani. Ó yẹ kí ó tún béèrè pé: ta ni sinimá náà fà lé òǹwòran lọ́wọ́ láti dá lẹ́jọ́, ǹjẹ́ a sì gbọ́ tẹnu onítọ̀hún?

Sinimá méjì ni a ó fi ṣe òṣùwọ̀n. Ìwọ̀n ọdún kan péré ni ó wà láàárín Halloween, tí John Carpenter darí ní Amẹ́ríkà ní 1978, àti Aiyé, tí Hubert Ògúndé gbé jáde ní 1979 pẹ̀lú Ọlá Balógun gẹ́gẹ́ bí olùdarí. Ìlú kékeré tí ibi wọ̀ ni ibùdó ìtàn nínú méjèèjì. Òǹwòran kígbe nínú méjèèjì pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí a gbé ka iwájú wọn kò bára dọ́gba.

Apani tí kò ní ojú

Nǹkan bí 300,000 dọ́là ni wọ́n fi ṣe Halloween, owó tí ó kéré púpọ̀ lójú àwọn oníṣẹ́ sinimá Hollywood. Ìbòjú tí apani inú rẹ̀ wọ̀, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi rà á ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì fi ọ̀dà funfun kùn ún. Ìlú àfinúrò ni Haddonfield tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. California ni wọ́n ti ya á. Ní 1963 inú ìtàn, Michael Myers, ọmọ ọdún mẹ́fà, gún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pa. Ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, ó sá kúrò ní ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ, ó padà sí ìlú rẹ̀, ó sì ń pa àwọn ọ̀dọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìtàn náà kò sọ ìdí rẹ̀. Apani náà kò gbẹ̀san, kò sì sọ̀rọ̀. Kódà nínú àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn, orúkọ tí a fún un kò ju èyí tí ó túmọ̀ sí 'Ìrísí' lásán.

Laurie, ọmọbìnrin tí Jamie Lee Curtis ṣe, gún apani yìí lulẹ̀, ó sì ju ọ̀bẹ sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nínú ilé sinimá Amẹ́ríkà, àwọn òǹwòran kígbe mọ́ ọn pé kí ó mú ọ̀bẹ náà. Ta ni yóò sọ pé òpè ni wọ́n? Ìdí mìíràn tún wà fún igbe wọn. Nígbà tí Laurie sá jáde, tí ó ń kan ilẹ̀kùn aládùúgbò rẹ̀, tí ó ń ké gbà mí, ẹni tí ó wà nínú ilé tan iná, ó wò ó, ó sì pa iná náà. Nínú ìlú tí aládùúgbò kò ti jáde sí igbe, òǹwòran ni ó di aládùúgbò. Ní ìparí, wọ́n yìnbọn lu apani lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó já bọ́ láti òkè ilé, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo ilẹ̀, wọn kò bá a níbẹ̀ mọ́. Òǹwòran lọ sílé láìrí ẹjọ́ náà parí.

Nígbà tí yóò fi di 1980, Friday the 13th àti àwọn aláfarawé mìíràn ti tẹ̀ lé e. Ní ọdún náà ni àwọn lámèyítọ́ méjì, Gene Siskel àti Roger Ebert, fi odidi ètò kan lórí tẹlifíṣàn bu ẹnu àtẹ́ lu irú sinimá bẹ́ẹ̀. Ẹ̀sùn wọn ni pé kámẹ́rà ń fi ojú apani wòran, pé ọmọbìnrin ni ó sábà máa ń jẹ́ ẹran ọdẹ, àti pé àwọn òǹwòran kan ń hó ìhó ayọ̀ fún ọ̀bẹ. Wọ́n yọ Halloween sọ́tọ̀ nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ọmọbìnrin náà ni ó mú òǹwòran dúró sí. Ní 1987, Carol Clover, onímọ̀ lítíréṣọ̀, fi kún un pé òǹwòran kì í dúró sójú kan: ẹni tí ó hó fún apani níbẹ̀rẹ̀ lè máa hó fún ọmọbìnrin tí ó ṣẹ́kù nígbà tí òun náà bá gbá ohun ìjà mú. Ìyẹn fi hàn pé òǹwòran lè yí ẹjọ́ padà bí eré bá gbé ẹ̀rí mìíràn kalẹ̀.

Ibi tí ó ní orúkọ

Nínú Aiyé, ibi kì í ṣe ìrísí lásán. Àjẹ́ ni wọ́n pè é, Òṣétùúrá, babaláwo tí Ògúndé fúnra rẹ̀ ṣe, ni ó sì dìde láti gba ìlú lọ́wọ́ wọn. Eré orí ìtàgé ni Aiyé kí ó tó di sinimá, irú òǹwòran tí eré alárìnjò ti tọ́ ni ó sì wá wò ó. Karin Barber, tí ó bá ẹgbẹ́ òṣèré Oyin Adéjọbí ṣeré tí ó sì kọ ìwé nípa wọn, ṣàlàyé bí òǹwòran Yorùbá ṣe ń bá òṣèré parí òwe, tí wọ́n ń kìlọ̀, tí wọ́n sì ń fa ẹ̀kọ́ yọ fún ara wọn. Èyí kò ṣe àjèjì. Ẹni tí a bá pa òwe fún láwùjọ tí kò dá a padà, bí ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni ó rí. Àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣèré ìgbà náà a sì máa gbé sinimá wọn kiri fúnra wọn láti ìlú dé ìlú, wọn a gba gbọ̀ngàn, wọn a sì jókòó ti ẹnu ọ̀nà. Nítorí náà, èrò púpọ̀ ni ó ń pàdé pọ̀: bàbá àgbà wà níbẹ̀, ọmọdé wà níbẹ̀, aláwàdà tí yóò fi ẹ̀rín tú ẹ̀rù ká náà kò ní ṣàìwà níbẹ̀.

Ní 1980, Níyì Ọ̀súndáre ṣe lámèyítọ́ Aiyé nínú ìwé ìròyìn West Africa. Lójú tirẹ̀, sinimá náà sá fún ọ̀ràn inú ayé lọ sínú ohun àìrí. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ohun àìrí nìkan kọ́ ni ìṣòro. Lítíréṣọ̀ Yorùbá kún fún iwin àti ọ̀rọ̀, ìyẹn kò sì bà á jẹ́. Ìṣòro náà wà nínú ìgbẹ́jọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti sọ fún òǹwòran ẹni tí ó jẹ̀bi, kò sì sí ẹni tí yóò rò tẹnu rẹ̀. Àwọn àgbà ní, 'Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ?' Irú ẹ̀rí yìí ni sinimá náà fi ṣe ìdájọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ní, 'Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.'

Àṣà Yorùbá fúnra rẹ̀ mọ ọ̀nà mìíràn. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Kétu àti Yewa, èyí tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ohun àjogúnbá aráyé, àwọn ìyá tí ó ní agbára yìí kan náà ni a ń jó fún, tí a ń kí, tí a sì ń tù lójú. Òǹwòran Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ̀ pé agbára ìyá lè bà nǹkan jẹ́. Ó tún mọ̀ pé agbára yẹn ni ó bí ìlú. Ẹ̀gbẹ́ kejì ẹjọ́ náà wà nínú ijó.

Láti gbọ̀ngàn dé pálọ̀

Nígbà tí fídíò dé, ibi ìwòran yí padà. Ní 1989, Kenneth Nnebue, ẹni tí ó gbé Living in Bondage jáde ní 1992, fi owó kékeré gbé fídíò Yorùbá kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àjẹ́ Ni Ìyá Mi. Orúkọ yẹn nìkan ti fi ẹ̀sùn náà sínú ilé. Ìdúmọ̀tà àti Àlàbà ní Ọ̀jọ́ di ojú ọjà tí irú fídíò bẹ́ẹ̀ ti ń tàn ká. Títì Badagry kan náà ni ó gba Ọ̀jọ́ àti Òkokomáìkò kọjá dé Ìjànikin. Ọmọ tí ó bá ń wo fídíò nínú pálọ̀ ní Ìbà tàbí ní Ìjànikin kì í ní èrò gbọ̀ngàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá bàbá rẹ̀ ni ó lè wà níbẹ̀. Bí ó bá kígbe, ta ni ó wà nítòsí tí ojú rẹ̀ yóò yí sí?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe àsọdùn. Abala 210 nínú Criminal Code Nàìjíríà ka fífi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn sí ẹ̀ṣẹ̀, nítorí a mọ ohun tí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ń fà. Ní 2008, Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom ṣe òfin tí ó de àwọn tí ń pe ọmọdé ní àjẹ́. Lára ohun tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọdé ń tọ́ka sí ni sinimá End of the Wicked, tí ó jáde ní 1999. Ẹni tí ó gbé e jáde ní eré lásán ni. Òótọ́ ni pé eré ni. Ṣùgbọ́n Michael Myers kò ní ojúlùmọ̀ ní Haddonfield tòótọ́ kankan. Òǹwòran tí ó bú u nínú gbọ̀ngàn kò ní rí ẹni bú nígbà tí ó bá délé. Ìyá arúgbó ń bẹ ní gbogbo agbo ilé.

Àgbálọgbábọ̀

Kì í ṣe pé kí a fi Halloween ga ju Aiyé lọ. Aiyé fún ìlú ní olùgbàlà, ó sì mú ẹjọ́ wá sí òpin, ohun méjì tí Halloween kò ṣe. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn ni pé kí ó má ṣe kọ 'òpè' sí ẹ̀gbẹ́ òǹwòran tí ó kígbe. Kí ó wo ẹni tí kámẹ́rà fi ojú rẹ̀ wòran, kí ó wo ẹ̀rí tí a fi dá ẹni ibi lẹ́bi, kí ó sì wo ẹni tí ó jọ ẹni ibi náà nínú ilé òǹwòran. Olùkọ́ pẹ̀lú lè dá sinimá dúró láàárín kíláàsì, kí ó ní kí ọmọ kan dìde rojọ́ fún àjẹ́ inú eré. Bí ọmọ náà kò bá rí ọ̀rọ̀ kankan gbá mú nínú eré tí yóò fi gbèjà rẹ̀, gbogbo kíláàsì ti rí àléébù sinimá náà.