Ibi tí Àkàsọ̀ Ti Ṣẹ́: Àgbéyẹ̀wò Ìwé Ọmọdé àti Ìwé Fìlọ́sọ́fì lórí Èrò Yorùbá

Ó ti pẹ́ tí àwa olùkọ́ Yorùbá ti ń pín ìwé sí ti ọmọdé àti ti àgbà. Ìpín náà kò burú. Aláwíyé tí J.F. Ọdúnjọ kọ ní ìpele ìpele, láti Ìwé Kìíní títí dé Ìkẹfà, fi hàn pé òǹkọ̀wé tí ó mọ ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀ lè fa ọmọ lọ́wọ́ láti orí a-b-d dé orí ewì àti ìtàn gígùn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá gun àkàsọ̀ dé òkè, tí ó fẹ́ kàwé lórí ìjìnlẹ̀ èrò àwọn baba rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò máa bá níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìwé Barry Hallen àti J.O. Ṣódípọ̀, Knowledge, Belief and Witchcraft, tí ó jáde ní 1986. Àwọn oníṣègùn ní agbègbè Èkìtì ni àwọn onímọ̀ méjèèjì bá fọ̀rọ̀ wérọ̀ lórí ‘mọ̀’ àti ‘gbàgbọ́’. Lójú àwọn oníṣègùn náà, ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, ni a lè sọ pé a mọ̀. Èyí tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tí a sì gbà, ìgbàgbọ́ ni. ‘Gbà’ àti ‘gbọ́’ wà nínú ọ̀rọ̀ náà gedegbe. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun tí à ń kọ sójú pátákó fún ọmọ láti dà kọ, ìgbàgbọ́ ni, kì í ṣe ìmọ̀, títí ọmọ náà yóò fi dán an wò fúnra rẹ̀. Kò sí olùkọ́ tí èyí kò kàn.

Èdè Yorùbá ni àwọn àgbà wọ̀nyí fi sọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ N.C.E. wa ní láti lọ yá a padà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. A kò bá àwọn òǹkọ̀wé náà wí, nítorí àwọn tí wọ́n ń bá jiyàn kò gbọ́ Yorùbá. Àwa ní ẹ̀ka Yorùbá ni ó jẹ gbèsè (èmi gan-an ti ń fẹnu kọ́ni ní ìyàtọ̀ yìí fún ọdún mélòó kan, n kò kọ ojú ìwé kan lé e lórí). A kò sì lè sọ pé èdè wa kò lè gbé ẹrù náà: Wándé Abímbọ́lá ti fi Yorùbá kọ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá láti 1968.

Ǹjẹ́ èyí kò ju ọmọdé lọ? Rárá. Nínú àlọ́ tí Ìjàpá ti kó gbogbo ọgbọ́n ayé sínú akèrègbè, ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè dáhùn bí a bá bi í pé: Ìjàpá mọ̀ pé òun ti kó o tán ni, àbí ó kàn gbà bẹ́ẹ̀? Fún àwọn tó ti dàgbà díẹ̀, ẹ mú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), tí Fágúnwà, olùkọ́ bíi tiwa, kọ. Orí iwin àti ìjà ni a sábà máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè lé. Ṣùgbọ́n ẹnu Àkàrà-oògùn ni akọ̀wé inú ìtàn náà ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àkàrà-oògùn ló fojú rí i, akọ̀wé gbọ́, ó gbà, ó kọ. Kí ni kí a wá pe ti òǹkàwé tí ó ṣí ìwé náà lónìí?